Ìgbà Ìwọ́wé ní Ìlú Chicago

Bí ènìyàn bá bi àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn tàbí ní Òndó léèrè pé aago mélòó ni oòrùn máa ń yọ, kò ní pẹ́ kí ó tó dá a lóhùn. Yóò ní láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje òwúrọ̀ ni. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà ní oṣùkóṣù, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ nínú ọdún kò fi odindi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ará ìlú Chicago ní irú ìbéèrè yìí, òun náà yóò kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè tirẹ̀: ‘Inú oṣù wo ni ẹ ń sọ?’

Chicago jẹ́ ìlú ńlá kan ní àárín apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní etí Adágún Michigan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ‘adágún’ kí ó rò pé omi tí a lè dúró ní etí kan kí a máa wo etí kejì ni. Gígùn rẹ̀ tó 300 máìlì, ibi tí ó jìn jù lọ nínú rẹ̀ sì ju ẹsẹ̀ bàtà 900 lọ. Aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean Baptiste Point du Sable ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn àlejò tí ó kọ́ ilé tí ó sì jókòó síbẹ̀, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Láti ìgbà ayé rẹ̀ títí di òní, ẹni tí ó bá ń gbé ibẹ̀ ní láti kọ́ bí a ti ń gbé nínú ìgbà mẹ́rin tí ọdún pín sí: ìgbà òtútù, ìgbà ìrúwé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà ìwọ́wé.

Ìgbà ìwọ́wé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé ara rẹ̀, ni ó bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nǹkan méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ nígbà náà, tí àwọn ènìyàn sì máa ń pè ní ọ̀kan náà: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń dínkù, ojú ọjọ́ sì ń yí padà. Èkíní a máa pa àdéhùn mọ́ láìyẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Ayé wa kò dúró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn ká. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23 àti ààbọ̀, ìtẹ̀sí yìí kì í sì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ rí i kedere, kí ó fi igi tín-ín-rín gún ọsàn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tẹ igi náà díẹ̀, kí ó sì gbé e yí àtùpà ká nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, láìjẹ́ kí orí igi náà kúrò ní ọ̀gángán ibi tí ó kọjú sí. Yóò rí i pé nígbà tí òun bá wà ní apá kan àtùpà náà, òkè ọsàn náà ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Nígbà tí òun bá sì dé apá kejì, ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní àárín ọsàn náà, ìyàtọ̀ kò pọ̀. Àárín yẹn ni ìlà agbedeméjì ayé, ilẹ̀ wa kò sì jìnnà sí i. Dígírì 7 àti díẹ̀ ni Ìbàdàn fi wà ní àríwá ìlà náà. Chicago fi nǹkan bí dígírì 42 wà ní àríwá rẹ̀.

Nítorí èyí, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, oòrùn a máa wà lójú ọ̀run Chicago fún wákàtí 15 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, kò ní ju wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ọ̀sán ní láti pàdánù wákàtí 6 kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n kì í pàdánù wọn ní iye kan náà lójoojúmọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbà nìyẹn. Ẹ rántí ọmọdé tí ó jókòó lórí jangirọ́fà. Bí ó bá lọ sókè tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kí ó tó padà. Nígbà tí ó bá ń kọjá ní àárín ni eré rẹ̀ le jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ní oṣù kẹfà àti ní oṣù kejìlá, ènìyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó má mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án, eré ló ń sá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, gígùn ọ̀sán ní Chicago jẹ́ wákàtí 13 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, kò tó wákàtí 12 mọ́. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ó ń sún mọ́ ìṣẹ́jú 3 tí ọ̀sán ń pàdánù lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 3 kò jọ nǹkan kan lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé yóò rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú mọ́ òun lórí pápá kí eré tó parí. Ní ìparí oṣù kẹwàá, wákàtí 10 àti ààbọ̀ péré ni ó kù.

Ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án ni a ń sọ pé ọ̀sán àti òru dọ́gba. Kí a má tan ara wa: ọ̀sán ṣì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gùn ju òru lọ ní ọjọ́ náà, nítorí pé etí òkè oòrùn ni a fi ń ka yíyọ àti wíwọ̀ rẹ̀, àti nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká a máa tẹ ìtànṣán tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí oòrùn nígbà tí ó ti lọ sísàlẹ̀ tán. Ní Chicago, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìdọ́gba gan-an ń dé. Ohun kan wà ní àkókò yìí tí àwọn ará ìlú náà máa ń jáde wò. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òpópónà wọn ni a là ní tààrà, àwọn kan láti àríwá sí gúúsù, àwọn yòókù láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ọ̀sán àti òru bá sì ń dọ́gba, oòrùn a máa wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní àárín òpópónà tí ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yóò rí oòrùn pupa roro láàárín àwọn ilé gíga ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ẹni pé ojú pópó náà ni ó fẹ́ wọlé sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò ti yà sí apá gúúsù, ilé yóò sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó la òpópónà wọ̀nyí kò ro ti oòrùn rárá. Bí wọn yóò ti pín ilẹ̀ tà ni wọ́n ń rò.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ aago kún un, nítorí ìlú Chicago ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà kan rí, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń ka aago méjìlá ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá ga jù lọ́dọ̀ tirẹ̀, èyí tí ó mú kí ètò ọkọ̀ ojú irin dàrú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1883, àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin pàdé ní Chicago, wọ́n sì fi ẹnu kò sí pípín ilẹ̀ náà sí agbègbè agbègbè, kí aago gbogbo ìlú tí ó wà ní agbègbè kan lè jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní láti dá aago Chicago padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 àti ààbọ̀. Ní ọdún 1918 ni òfin kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a máa ti aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ọdún 2007, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ní ọjọ́ náà, oòrùn tí ó wọ̀ lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ lánàá yóò wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù lónìí, gbogbo ènìyàn yóò sì máa ráhùn. Oòrùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ojú ọjọ́ ni ó kàn báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dínkù, òtútù yóò dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ àti omi tí oòrùn ti yá láti oṣù karùn-ún kì í tutù lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Omi sì lọ́ra ju ilẹ̀ lọ. Ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀sán ti ń kúrú láti oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà náà gan-an ni ojú omi Adágún Michigan máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ jù. Ó dà bí ẹni tí ó gba owó pamọ́ nígbà ọ̀pọ̀ tí ó wá ń ná an díẹ̀díẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n. Nítorí èyí, àwọn tí ń gbé etí omi ní oṣù kẹwàá kì í tètè rí ìrì dídì. Àwọn tí ń gbé ní ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn ìlú náà lè jí ní òwúrọ̀ kan kí wọ́n bá koríko àgbàlá wọn ní funfun, kí ewé ẹ̀fọ́ wọn ti rọ, nígbà tí ti ará etí omi ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ní ọ̀sán oṣù kẹsàn-án, ìgbóná afẹ́fẹ́ sábà máa ń tó nǹkan bí dígírì 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oṣù kẹwàá, ó máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 17. Ṣùgbọ́n irú ìṣirò báyìí máa ń fi òtítọ́ kan pamọ́. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jà lórí ìlú náà nígbà ìwọ́wé, ọ̀kan láti gúúsù tí ó gbóná, èkejì láti àríwá tí ó tutù, kò sì sí òkè gíga kankan láàárín tí ó lè là wọ́n. Èyí tí ó bá borí lónìí ni ó ń sọ irú aṣọ tí ènìyàn yóò wọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2006, òjò dídì balẹ̀ sí Chicago nígbà tí ewé ṣì pọ̀ lórí igi.

Àwọn igi àti àwọn ẹyẹ gbọ́n ju ènìyàn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Gígùn òru ni ó ń sọ fún igi pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ inú ewé rẹ̀ pamọ́. Àwọ̀ ewé tútù á wá parẹ́, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ á yọjú. Kíkúrú ọ̀sán náà ni ó ń sọ fún àwọn ẹyẹ kéékèèké ìhà àríwá pé ó tó àkókò láti fò lọ sí gúúsù. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fò, ọ̀nà wọn sì gba etí adágún náà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ta wọ́n jí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ òru tí wọn yóò gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2023, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti gúúsù dá wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà sí ti àríwá, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹyẹ ni wọ́n ṣà ní òkú nísàlẹ̀ ilé ńlá kan ṣoṣo ní etí omi, ilé onígíláàsì tí ń jẹ́ McCormick Place. Iná tí ń tàn nínú ilé náà ni ó fà wọ́n, wọn kò sì mọ̀ pé gíláàsì wà níwájú. Lẹ́yìn náà ni a lẹ àmì tó-tò-tó kéékèèké mọ́ gbogbo gíláàsì náà, iye ẹyẹ tí ó ń kú níbẹ̀ sì dínkù gidigidi.

Ṣùgbọ́n ìgbà ìwọ́wé tí Chicago kò lè gbàgbé ni ti ọdún 1871.

Ní ọdún náà, òjò dá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, gbogbo òjò tí ó rọ̀ sí ìlú náà kò tó íǹṣì 3. Oòrùn kò yẹ àdéhùn rẹ̀. Ọ̀sán ń kúrú bí ó ti yẹ, ewé sì ń wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ewé náà gbẹ kí wọ́n tó já, afẹ́fẹ́ gúúsù sì ń fẹ́ láìdẹwọ́. Igi ni wọ́n fi kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà. Pákó ni ilé, pákó ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kódà igi ni wọ́n tẹ́ sójú òpópónà mìíràn. Iná kéékèèké ń sọ lójoojúmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, iná ńlá kan jó àdúgbò kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, àwọn panápaná sì bá a jà mọ́jú títí ó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú fún wákàtí mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí iná sọ nínú ilé màlúù kan ní òpópónà DeKoven. Obìnrin ará Ireland kan, Catherine O’Leary, ẹni tí ń ta wàrà, ni ó ni ín. Ẹni tí ń ṣọ́ ìlú láti orí ilé gíga ṣi ibi tí iná náà wà mọ̀, ó sì rán àwọn panápaná sí ibi tí kò yẹ. Nígbà tí wọn yóò fi dé, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti gbé ẹ̀ṣẹ́ná sókè, ó ń jù ú sórí òrùlé tí ó wà níwájú. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, iná náà ti fo odò tí ó la ìlú náà já. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó dé ilé ẹ̀rọ omi, ó jó o, omi sì dá lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe mọ́ ju kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kí ó sì sá lọ sí etí adágún. Àwọn mìíràn wọ inú omi náà lọ, wọ́n dúró síbẹ̀.

Odindi ọjọ́ Ajé ni iná náà fi ń jó. Ní òru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò tí wọ́n ti ń retí láti oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó kú. Nǹkan bí 100,000 ni kò nílé mọ́, nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ tó 300,000. Ilé tí ó jó ju 17,000 lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan náà, ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà àti afẹ́fẹ́ kan náà mú kí iná igbó jó ìlú Peshtigo ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àwọn tí ó sì kú ní agbègbè náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. A kì í sábà gbọ́ ti Peshtigo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ibẹ̀ pọ̀ ju ti Chicago lọ.

Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ pé ojú ọjọ́ ni ó fa àjálù. Ojú ọjọ́ kò ní ilé tí a lè lọ bá a sí. Kí eérú tó tutù ni àwọn ìwé ìròyìn ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìyá O’Leary ń fún wàrà lọ́wọ́, màlúù rẹ̀ sì ta àtùpà nípàá. Obìnrin náà búra níwájú àwọn tí ń ṣe ìwádìí pé orí ibùsùn ni òun wà nígbà tí iná sọ. Wọ́n gba ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì parí rẹ̀ pé àwọn kò mọ ohun tí ó dá iná náà sílẹ̀. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé kò jó, nítorí pé òdìkejì ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Èyí pàápàá ni àwọn kan fi ṣe ẹ̀rí lòdì sí i. Àlejò ni ní ilẹ̀ náà, tálákà ni, àwọn tí ó kórìíra àwọn ará Ireland sì pọ̀ nígbà náà. Nígbà tí ọdún bá yí po tí oṣù kẹwàá sì dé, àwọn oníròyìn a tún máa wá a wá, kò sì fẹ́ rí wọn.

Ó kú ní ọdún 1895. Ní ọdún 1961, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn panápaná sí ibi tí ilé màlúù náà wà ní òpópónà DeKoven. Ní ọdún 1997, lẹ́yìn ọdún 102 tí obìnrin náà ti wà nínú ilẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú Chicago jókòó, wọ́n sì kéde pé òun àti màlúù rẹ̀ kò jẹ̀bi.